Plọ́ńbà àdúgbò, plọ́ńbà tó ní ìwé ẹ̀rí, àbí ẹnjiníà: ta ni kí onílé Èkó gbé iṣẹ́ omi fún?

Ní Èkó, ẹ ò ní rí ọ́fíìsì tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ plọ́ńbà lásán. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ lándílọ́ọ̀dù fi máa ń ní iṣẹ́ omi kò kan ìjọba, pé ọ̀rọ̀ àárín onílé àti plọ́ńbà rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Inú ìwé àṣẹ ilé ni iṣẹ́ omi sá pamọ́ sí: ó wà nínú pláànù tí ẹ gbé lọ sí LASPPPA, ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ tó ń fúnni láṣẹ láti kọ́lé, ó wà nínú àyẹ̀wò tí LASBCA, ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ìkọ́lé, ń ṣe, ó tún wà nínú ìwé àṣẹ bọ́hóòlù. Orúkọ onílé ló sì wà lórí gbogbo ìwé yìí. Bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, plọ́ńbà á ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí sáìtì mìíràn, ẹ̀yin ni wọ́n máa wá lẹ lẹ́tà mọ́ géètì fún.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń yan ẹni tó máa ṣe é, ẹ má kàn máa fi owó iṣẹ́ ẹnìkan wé ti ẹnìkejì. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí ẹ fi wọ̀n gbogbo wọn: ta ló máa jẹ́ kí a rí páìpù náà, kí a sì dán an wò, kí bíríkìlà tó rẹ́ ògiri bò ó mọ́lẹ̀?

Àwọn mẹ́ta tó wà níwájú yín

Plọ́ńbà àdúgbò ni gbogbo wa mọ̀. Ó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, ó ṣe fíríìdọ̀mù, ó mọ ibi tí páìpù gbogbo ilé òpópónà yín gbà. Bí omi bá ń dà nílé yín láago mẹ́wàá alẹ́, òun lẹ máa pè, òun náà ló máa wá. Mi ò ní bú u. Àwọn kan nínú wọn mọṣẹ́ ju ẹni tó ní ìwé lọ.

Ibi tó ti máa ń kù díẹ̀ káàtó ni ìdánwò. Ọ̀pọ̀ wọn á so páìpù tán, wọ́n á ṣí omi táńkì sí i, wọ́n á wo gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, bí kò bá ti jò, wọ́n á ní ó ti dáa. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Báà ni wọ́n fi ń wọn agbára tí omi fi ń ti páìpù. Omi tó bá ga ní mítà 10 ló ń fún páìpù ìsàlẹ̀ ní agbára tó tó báà 1. Bí sítáńṣọ̀n táńkì yín bá ga ní mítà 6, báà 0.6 péré nìyẹn. Ó pẹ́ ó yá, ẹ ó fẹ́ kí ṣáwà lágbára, ẹ ó ra pọ́ǹpù tó ń ti omi, tó lè gbé agbára náà dé báà 2 tàbí 3. Ibi tí wọ́n lẹ̀ tí kò jò nígbà táńkì, inú ògiri tí tíléèsì ti bò ló ti máa já. Ayálégbé ìsàlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ rí i, lójú sílíìnì rẹ̀.

Plọ́ńbà tó ní ìwé ẹ̀rí ni ẹni tó ti ṣe tíréèdì tẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, tàbí tó jáde nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ìpele mẹ́ta ni tíréèdì tẹ́ẹ̀sì ní: ìpele kẹta ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ìpele kìíní ló ga jù. Èyí ṣe pàtàkì, torí àwọn kan máa ń na ìwé ìpele kẹta síni lójú bí ẹni pé oyè ni wọ́n gbà. Ẹ wo nọ́ńbà ìpele náà, kí ẹ sì wo bóyá orúkọ orí ìwé bá orúkọ ẹni tó dúró níwájú yín mu.

Ẹnjiníà ni ẹni kẹta, tàbí kọ́ńtírátọ̀ tó ní ẹnjiníà lábẹ́ rẹ̀. Àjọ COREN, tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, ló ń forúkọ wọn sílẹ̀. Òun ló ń ya pláànù omi, tó ń ṣírò bí páìpù ṣe máa tóbi tó àti bí omi ìdọ̀tí ṣe máa ṣàn, tó sì ń lu òǹtẹ̀ tó ní nọ́ńbà rẹ̀ lórí ìwé náà. Owó rẹ̀ wọ́n ju ti àwọn méjì yòókù lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: òun gan-an kọ́ ló máa di páìpù mú. Àwọn plọ́ńbà tó kó wá ló máa ṣe é, nítorí náà ẹ béèrè ìwé tiwọn náà.

| | Plọ́ńbà àdúgbò | Plọ́ńbà tó ní ìwé ẹ̀rí | Ẹnjiníà tàbí kọ́ńtírátọ̀ |
|---|---|---|---|
| Ẹ̀rí tó lè fi hàn yín | Ọ̀gá tó kọ́ ọ, ilé tó ti ṣe | Tíréèdì tẹ́ẹ̀sì, ìwé ilé ẹ̀kọ́ | Nọ́ńbà COREN, òǹtẹ̀ |
| Ṣé ó lè fọwọ́ sí pláànù? | Rárá | Rárá | Bẹ́ẹ̀ ni |
| Ìdánwò páìpù | Omi táńkì | Pọ́ǹpù ọwọ́ àti géèjì, bí ẹ bá béèrè | Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn |
| Ibi tó tọ́ sí i | Àtúnṣe | Bálùwẹ̀ tuntun, pípààrọ̀ páìpù gbogbo ilé | Ilé alájà, hòtẹ́ẹ̀lì, ilé ìwé |

Irú iṣẹ́ ló ń sọ irú ìwé

Pípààrọ̀ ẹ̀rọ omi, sínkì tàbí ìjókòó ilé ìyàgbẹ́ kò nílò ìwé kankan. Plọ́ńbà àdúgbò ti tó. Ẹni tó bá lọ gba ẹnjiníà fún ìyẹn ń fowó ṣòfò.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ilé tuntun, tàbí fi àjà kún ilé, tàbí sọ ilé gbígbé di hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé ìwé, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ plọ́ńbà nìyẹn. Òfin ètò ìlú tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2010 ló ya ilé iṣẹ́ méjì sọ́tọ̀. LASPPPA ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ láti kọ́lé. LASBCA ló ń tẹ̀ lé iṣẹ́ náà láti ìgbà tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, òun náà ló sì ń fúnni ní ìwé pé ilé ti parí, pé ó yẹ fún ènìyàn láti gbé. Ọ̀pọ̀ onílé máa ń gba ti àkọ́kọ́, wọ́n á gbàgbé ti ìkẹyìn pátápátá, títí di ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ta ilé tàbí tí báńkì bá béèrè. Fún ilé alájà, pláànù omi àti ti iná wà lára ohun tí ẹ máa kó lọ, ẹnjiníà ló sì gbọ́dọ̀ lu òǹtẹ̀ sí wọn. Òfin ìkọ́lé ti orílẹ̀-èdè wa, tó jáde lọ́dún 2006, náà sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ omi.

Kí ló fà á tí pláànù omi fi gbọ́dọ̀ wà kí wọ́n tó da kọ́ǹkéré? Mo rí ilé alájà mẹ́ta kan ní Ẹbúté-Mẹ́tta tí wọ́n ti da dẹ́kìn rẹ̀ kí plọ́ńbà tó dé. Páìpù ìgbẹ́ tó jẹ́ ínṣì 4 gbọ́dọ̀ kọjá sí ìsàlẹ̀, bíìmù sì wà lójú ọ̀nà. Wọ́n kó ṣísẹ́ẹ̀lì bò ó. Nígbà tí mo débẹ̀, irin mẹ́ta ti yọ síta lábẹ́ bíìmù, wọ́n ti fi sọ́ọ̀ gé ọ̀kan dànù, ọmọ iṣẹ́ kan ń fi símẹ́ǹtì lẹ́pọ̀ bò ó kí onílé tó dé. Kò sí ẹni tó fẹ́ ṣe ibi níbẹ̀. Ọ̀nà tó yá jù ni plọ́ńbà gbà. Bí ó bá jẹ́ pé pláànù wà, wọn ì bá ti fi ọ̀pá páìpù ńlá kan sínú ibẹ̀ kí wọ́n tó da kọ́ǹkéré, páìpù ìgbẹ́ á kàn gba inú rẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ẹ bá rí plọ́ńbà tó gbé ṣísẹ́ẹ̀lì sún mọ́ òpó tàbí bíìmù, ẹ dá a dúró kíákíá, ẹ pe ẹnjiníà.

Bọ́hóòlù àti sókàwéè

Ibí ni owó Èkó ti ń ṣòfò jù, ibẹ̀ náà sì ni àìsàn ti ń wọlé.

Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ìlera sábà máa ń fi lélẹ̀ ni pé kí mítà 30 wà láàárín bọ́hóòlù àti sókàwéè. Ẹ wá gbé e lé ilẹ̀ Èkó. Pulọ́ọ̀tì kan tó pé jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 lọ́nà 120, ìyẹn nǹkan bíi mítà 18 lọ́nà 36. Bí ẹ bá fi bọ́hóòlù sí kọ̀rọ̀ iwájú, tí ẹ fi sókàwéè sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn lódìkejì, ó ṣeé ṣe. Ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì tó jẹ́ 60 lọ́nà 60 ńkọ́? Láti kọ̀rọ̀ kan dé èyí tó jìnnà sí i jù, kò tó mítà 26. Kò sí ibi kankan nínú ọgbà náà tí méjèèjì ti lè jìnnà síra tó bí ó ti yẹ. A ò tíì sọ ti aládùúgbò tó gbẹ́ sókàwéè tirẹ̀ mọ́ fẹ́ǹsì yín.

Ẹni tó bá wá ní "Alhaji, ẹ fọkàn balẹ̀, a ti ń gbẹ́ ẹ báyìí tipẹ́" kò tíì dáhùn ìbéèrè náà. Ìdáhùn tó yẹ kí ẹ gbọ́ ni: báwo ni bọ́hóòlù náà ṣe máa jìn tó, ṣé a máa fi símẹ́ǹtì dí àyíká páìpù rẹ̀ lókè kí omi ìdọ̀tí má baà ṣàn wọlé látẹ̀gbẹ́, ibo sì ni a máa gbé omi lọ fún àyẹ̀wò? Ìlànà omi mímu Nàìjíríà ò gba kòkòrò ìgbẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo nínú mílílítà 100 omi. Àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ ìyẹn fún yín, ojú ò lè rí i. Omi tó mọ́ lóló lè ní kòkòrò, omi tó pọ́n nítorí irin ilẹ̀ sì lè má ní in rárá.

Ní ti ìwé, LASWARCO, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ omi ní ìpínlẹ̀ Èkó, ló ń bójú tó àwọn tó ń gbẹ́ bọ́hóòlù. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ ẹni tó fẹ́ gbẹ́ tiyín kí ọkọ̀ rẹ̀ tó wọ ọgbà. Plọ́ńbà, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó, kì í ṣe agbẹ́-bọ́hóòlù. Púpọ̀ nínú wọn á ní àwọn máa bá yín ṣètò rẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n á gbà á fún ẹlòmíràn, wọ́n á sì jẹ èrè tiwọn lórí rẹ̀. Ẹ lọ bá ẹni tó ni ẹ̀rọ fúnra yín.

Ṣé omi ìjọba sàn ju bọ́hóòlù lọ? Níbi tó bá ń yọ, mo máa mú un. Ilé iṣẹ́ omi Ìjù ti wà láti 1915, Adíyàn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1991. Inú ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń fọ omi náà. Páìpù tó ń gbé e wá ló ti gbó. Nítorí náà, ẹ má gba plọ́ńbà láyè láti so pọ́ǹpù tààrà mọ́ páìpù ìjọba kí ó máa fà á. Bí pọ́ǹpù bá ń fà, tí omi kò sì sí nínú páìpù, omi gọ́tà ló máa fà wọlé láti ibi tó bá ti lu. Ẹ jẹ́ kí omi ìjọba ṣàn sínú táńkì ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kí pọ́ǹpù fà á láti ibẹ̀. Bí ẹ bá sì so bọ́hóòlù àti omi ìjọba mọ́ páìpù kan náà, fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Plọ́ńbà tí kò bá mẹ́nu bà á kó tó bẹ̀rẹ̀, èmi ò ní gbé e fún un. Àwọn òṣìṣẹ́ omi ìjọba ló sì gbọ́dọ̀ ṣe ojú ìsopọ̀ náà, kì í ṣe ẹni tó ní òun á gé e lálẹ́ nígbà tí òpópónà bá ti dá.

Áílàńdì yàtọ̀ sí Méńlàǹdì

Ohun tó ṣiṣẹ́ ní Ṣúrùlérè lè má ṣiṣẹ́ ní Lafiájí tàbí Ọbáléńdé. Ní Áílàńdì, omi abẹ́ ilẹ̀ súnmọ́ òkè gan-an. Bí ẹ bá gbẹ́ sókàwéè níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé omi ló máa kọ́kọ́ kún inú rẹ̀ kí ìgbẹ́ tó débẹ̀, bí òjò bá sì rọ̀, yóò tú síta. Omi tí kò jìn níbẹ̀ máa ń níyọ̀. Nítorí náà, táńkì tí a dí pa, tí ọkọ̀ ń wá fa ìgbẹ́ inú rẹ̀, tàbí ẹ̀rọ kékeré tó ń fọ omi ìdọ̀tí, ló sábà máa ń bá ibẹ̀ mu. Àwọn tó ń ta báyódaijẹ́sítà, ìyẹn táńkì tí kòkòrò àìfojúrí ti ń jẹ ìgbẹ́, á ní kò sóhun tó ń jáde nínú ẹ̀. Omi ń jáde nínú ẹ̀ o, ó sì gbọ́dọ̀ ríbi lọ. Fún hòtẹ́ẹ̀lì tàbí ẹ́sítéètì ńlá, LSWMO, ọ́fíìsì ìjọba tó ń mójú tó omi ìdọ̀tí, gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Ẹnjiníà nìkan ni kí ẹ gbé irú rẹ̀ fún.

Ní Méńlàǹdì, ilẹ̀ Muṣin tàbí Yábàá máa ń fa omi dáadáa ju ti Áílàńdì lọ, sókàwéè sì lè ṣiṣẹ́ lọ́dún púpọ̀. Plọ́ńbà tó ní ìwé ẹ̀rí lè ṣe é níbẹ̀ láìsí wàhálà, bí ilé náà kò bá tóbi.

Ìdánwò tí ẹ gbọ́dọ̀ fojú ara yín rí

Ẹ má rò pé aláyẹ̀wò LASBCA máa wá bá yín dán páìpù wò. Irin, kọ́ǹkéré àti bí ilé ṣe dúró ni ojú wọn máa ń wà lára jù. Ìdánwò omi wà lọ́wọ́ yín.

Fún páìpù omi tó ń wọlé, kí wọ́n dí gbogbo ẹnu rẹ̀, kí wọ́n so pọ́ǹpù ọwọ́ tó ní géèjì mọ́ ọn, kí wọ́n gbé agbára rẹ̀ dé ìlọ́po kan àti ààbọ̀ agbára tí ẹ máa lò. Bí pọ́ǹpù yín bá máa gbé e dé báà 3, ẹ dán an wò ní báà 4.5, ó kéré tán. Ẹ ya fọ́tò ojú géèjì náà, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan, ẹ padà ya á. Bí ọ̀pá rẹ̀ bá ti wálẹ̀, omi ń jò níbìkan. Bó bá jẹ́ PPR, páìpù ike tí wọ́n ń fi iná lẹ̀, ni wọ́n lò, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fi irin gbígbóná lẹ̀ ẹ́. Ní nǹkan bíi dígíríì 260 ni irin náà ń ṣiṣẹ́. Bí plọ́ńbà bá fi páìpù sí i pẹ́ jù, ike á yọ́ sínú, ihò á fún, omi ò ní yọ dáadáa láéláé. Bí kò bá pẹ́ tó, á já.

Fún páìpù ìdọ̀tí, kí wọ́n dí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n rọ omi kún un, kí ẹ fi mákà sàmì sójú ibi tí omi dé, kí ẹ padà wò ó láàárọ̀ bóyá ó ti lọ sílẹ̀. Ẹ tún wo bó ṣe dà: páìpù ínṣì 4 gbọ́dọ̀ máa lọ sílẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Kí páìpù atẹ́gùn sì yọ lókè òrùlé, kí ó má parí sábẹ́ sílíìnì. Ilé tó ń rùn bí ẹnìkan bá ti fọ ilé ìyàgbẹ́ lókè, ibẹ̀ ni ẹ ti máa kọ́kọ́ wá ìdí rẹ̀.

Kí bíríkìlà tó rẹ́ ògiri, ẹ ya fọ́tò gbogbo ògiri tí páìpù gbà, kí ẹ fi téèpù ìwọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ayálégbé bá fẹ́ lu ìṣó mọ́ ògiri láti gbé tẹlifíṣàn kọ́, fọ́tò yẹn á gbà yín.

Owó, àti ilé ẹbí

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ pín owó iṣẹ́ sí mẹ́ta: bẹ̀rẹ̀, páìpù ti wà nínú ògiri, ìdánwò ti yọrí. Èyí tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ pọ̀ tó láti mú un padà wá. Owó ìjọba, ẹ san án sí àkáǹtì ìjọba, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹni tó bá ní kí ẹ kó o fún òun lọ́wọ́ kí iṣẹ́ lè yára, ẹ ò ní rí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé ẹbí ló ní wàhálà tirẹ̀, ní Ìsàlẹ̀ Èkó pàápàá, níbi tí ẹ̀ka ìdílé mẹ́rin lè máa lo ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo nínú àgbàlá. Ẹnikẹ́ni nínú ìdílé lè pe plọ́ńbà wá ṣe àtúnṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ gbẹ́ bọ́hóòlù, tàbí wó ilé ìyàgbẹ́ àtijọ́ kí ẹ lè kọ́ tuntun, orúkọ ìdílé ni ìwé àṣẹ máa wá béèrè, kì í ṣe ti ẹni tó rówó san. Ẹ pe olórí ẹbí àti àwọn aṣojú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ síwèé, kí ẹ sì kọ ibi tí sókàwéè tuntun máa wà sínú ìwé náà, torí ojú fèrèsé ẹnìkan ló máa bọ́ sí.